Èsì: Esc ló ń jẹ́ kí OSNAP rẹ sọnù

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. O ní máàkírò (àṣẹ kékeré) tí o kọ fún yíya fèrèsé nínú AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya plan, ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí o bá tẹ Esc láàárín, OSNAP (tó ń gbá ojú pàtó lórí àwòrán mú, bí òpin ìlà) á kú, léyà (ìpele tí ò ń ya nǹkan sí) á sì yí padà.

Ìlà tó ń dá wọn padà wà nísàlẹ̀ pátápátá, àbí? Tí o bá ti tẹ Esc, AutoLISP, èdè tí o fi kọ máàkírò náà, kò ní débẹ̀ mọ́. Inú *error*, apá tó máa ń ṣiṣẹ́ tí nǹkan bá dá máàkírò dúró, ló yẹ kó wà. OSMODE ni nọ́ńbà tó ń tọ́jú OSNAP, CLAYER sì ni léyà tí ò ń lò:

(defun c:FERESE (/ *error* osm lay)
(defun *error* (msg)
(if osm (setvar "OSMODE" osm))
(if lay (setvar "CLAYER" lay))
(princ))
(setq osm (getvar "OSMODE") lay (getvar "CLAYER"))
(setvar "OSMODE" 0)
; iṣẹ́ rẹ níbí
(*error* nil))

Má yọ *error* kúrò lẹ́yìn àmì / yẹn o. Tí o bá yọ ọ́, àwọn àṣẹ AutoLISP mìíràn náà yóò máa lo *error* tìrẹ yìí.

4133 tí o fọwọ́ kọ síbẹ̀ láti fi dá OSMODE padà ńkọ́? Pa á rẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù, àwa mẹ́ta là ń lo kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀gá wa kì í lo OSNAP ju ti òpin ìlà, ìyẹn OSMODE 1, lọ. Máàkírò mi fún un ní 4133, tó ní àárín ìyíká nínú, ló bá ń gbá àárín ìyíká mú. Ìgbà tá a sún mọ́ plan náà la rí i pé ìlà fẹ́ǹsì ò kan igun ilẹ̀. Ẹnu mi wọhò lọ́jọ́ náà.