Ìyá Mi Ń Gbàgbé Nǹkan: Ṣé Ọjọ́ Ogbó Náà Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Ọmọ ọdún 73 ni ìyá mi. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n á gbé omi kaná, ó di ìgbà tí ìkòkò bá jó kí a tó mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àbúrò mi tó ti kú ni wọ́n fi ń pe ọmọ mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn máa ń kú, á wá máa ta àwọn bí abẹ́rẹ́. Ó ti tó ọdún 10 tí wọ́n ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ lásán ni wọ́n ń jẹ, eyín wọn kò gba ẹran mọ́. Mo ń ra òògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀, fún wọn. Àǹtí mi ní iṣẹ́ ayé ni, pé ká gbé wọn lọ sórí òkè. — Ọmọ Ìyá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì dárúkọ fítámì B12 fún dókítà. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, mẹ́ta ló já mi láyà: metformin, ẹsẹ̀ tó ń kú, àti ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lásán.

O mọ rọ́bà tó bo wáyà iná. Irú rẹ̀ wà lára àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ dé ẹsẹ̀, B12 sì wà lára ohun tí ara fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí rọ́bà bá bó, iná á máa ṣe ségesège: ẹsẹ̀ á kú, ìrántí á dàrú, inú ẹni á máa bàjẹ́ láìnídìí. Kò sí B12 nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú ẹ̀kọ. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló ni ín, ẹ̀dọ̀ sì ni baba wọn. Ara máa ń fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ fi ń yọ́ wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹni tó bá ti lo metformin pẹ́, ìfun rẹ̀ lè má gbà á dáadáa mọ́. Má ṣe tìtorí èyí gba òògùn náà lọ́wọ́ wọn o! Dókítà ló máa sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i.

Gbé ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn dání lọ pẹ̀lú. Folic acid, fítámì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ó sì lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe débi tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pé, nígbà tí iṣan ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ọdún 31 ni mo fi ṣètò oúnjẹ aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Àbúrò ìyá mi, ọlọ́jọ̀ọ́jọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà ilé, a ní àgbà ti dé, a ń ti géètì mọ́ wọn. Ọdún méjì kọjá. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn dìde mọ́ ni dókítà kékeré kan béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Abẹ́rẹ́ B12 ni wọ́n fi gbé wọn nílẹ̀. Wọ́n padà ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n ń pe orúkọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n wọn kò rántí bí wọ́n ṣe ń po ọ̀jọ̀jọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ. Wọ́n á rin iṣu ewùrà tán, wọ́n á kàn máa wò ó. Ó ń dùn mí di òní, torí mo ń rí àwo oúnjẹ wọn lójoojúmọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni B12 fà. Ṣùgbọ́n má gbà fún ẹni tó bá ní bí àgbà ṣe ń rí nìyẹn. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Íbàdàn, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé tiwa tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kò tó ìdajì tiwọn. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kéré sí tiwọn, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ìgbà náà, iṣu, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ni.

Ní ti eyín wọn: lọ ẹja gbígbẹ kúnná sínú ẹ̀fọ́ náà. Fi ẹyin sínú mọ́ínmọ́ín. Se ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí o gún un mọ́ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ní kò tó lóòótọ́, oúnjẹ nìkan kò ní tètè dí i, abẹ́rẹ́ tàbí oògùn oníhóró ni.

ÌBÉÈRÈ: A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, a sì ń retí oyún. Kí ni kí ìyàwó mi jẹ kí ọpọlọ ọmọ wa lè pé? — Ọkọ Ìyàwó, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire. Folic acid tí mo ń bẹ̀rù fún ìyá Òṣogbo yẹn gan-an ni tìyàwó yín, ìwọ̀n 0.4 mg lójúmọ́. Ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa jáde máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún bá dúró, púpọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé oyún wà. Iyọ̀ tó ní ayodíìn, èròjà tí ọpọlọ ọmọ nílò láti dàgbà, ni kí ẹ máa rà. Láti 1993 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi sínú iyọ̀ wa. Ẹ dé e, ẹ má sá a sóòrùn, ìgbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná ni kí ẹ bù ú sí i. Ní ti folic acid, ẹ má dúró de ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dá. Òní ni kó bẹ̀rẹ̀.