Ọ̀dà fairing mi ń là, ọ̀kadà mi sì ń gbọ̀n: ṣé kí n tún un kùn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo jogún ọ̀kadà Honda CG125 tí bàbá mi gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí ojú ń wò. Mo ra fairing kan, ìyẹn ìbòrí iwájú ọ̀kadà tó ń gé afẹ́fẹ́, tí wọ́n fi fáíbà ṣe ní Sábó níhìn-ín ní Ìkòròdú, ara ọ̀kadà mìíràn ni wọ́n ti tú u. Wẹ́dà kan bá mi jó irin mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì iwájú, ó de fairing náà mọ́ ọn, oníṣẹ́ ọ̀dà sì kùn ún ní pupa tó ń dán. Kò tíì pé oṣù méjì tí ọ̀dà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í là yí ojú àwọn bóòtù ká. Bí mo bá sì ń sáré tó nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù, gbogbo iwájú á máa gbọ̀n, bí tírélà bá sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ ọ̀kadà á fẹ́ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Oníṣẹ́ ọ̀dà ní kí n mú owó wá kí òun tún un kùn. Ṣé ọ̀dà ló burú?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún oníṣẹ́ ọ̀dà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọjà rẹ̀ jẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà tó lò dára gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í ṣàdédé là láàárín oṣù méjì bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá dúró sójú kan. Ibi tí fairing yín ti ń tẹ̀ tó sì ń nà ni ọ̀dà ti ń là, irin tí wẹ́dà jó mọ́ ṣọ́ọ̀kì ló sì ń mú un tẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹwàá láìtún irin yẹn ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹwàá náà ni yóò là.

Ẹ gbé ọ̀kadà náà sínú oòrùn àárọ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ojú ibi tó là, kí ẹ sì wò ó fínnífínní. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó ti ẹnu ihò bóòtù bẹ̀rẹ̀, tó wá tàn ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, fáíbà fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló sán káàkiri bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, pọ́tì (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú tó jin) tó wà lábẹ́ ọ̀dà ló nípọn jù. Bí ó bá sì ń ṣí lábala lábala bí èèpo àlùbọ́sà, wọn kò fi sáńpépà ha ojú fáíbà kí wọ́n tó fi práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ ti àkọ́kọ́. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ tú fairing náà, kí ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọ̀dà kò dé. Bí àyíká ihò bá funfun bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i, résìn tó so okùn fáíbà pọ̀ ti fọ́ níbẹ̀, ó sì ti ń tú kúrò lára okùn.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ohunkóhun tí ẹ bá dè mọ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú yóò máa bá ọwọ́ ọ̀kadà yí, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó bá ti fairing náà, ọwọ́ yín gan-an ló ń tì. Gíláàsì kékeré tí kò ju àwo oúnjẹ lọ lè wà níbẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ tó tiyín ti di ìgbòkun, ẹni tó bá sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè rí mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ìgbòkun ṣe. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ tírélà fi ń já ọwọ́ gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn eléré ìje ní Yúróòpù máa ń fi ìbòrí ràgàjì bo iwájú alùpùpù wọn títí kan táyà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ sì máa ń fi wọ́n ṣeré, títí FIM, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje alùpùpù lágbàáyé, fi fòfin de irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún 1957 ń parí lọ. Nígbà tí BMW gbé R90S jáde ní 1973, ìbòrí kékeré tó ń bá ọwọ́ yí ni wọ́n fi sí i níwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìbòrí ńlá sí R100RS ní 1976, ara fírémù, ìyẹn egungun irin alùpùpù, ni wọ́n dè é mọ́, ọwọ́ wá ń yí nínú rẹ̀ láìkàn án. Ọdún 1976 yẹn náà ni CG125 kọ́kọ́ jáde, kò sì sí ẹni tó fi ọkàn fairing ṣe é. Àwa la ń wá ibi tí yóò gbé e sí.

Fírémù ni kí ó gbé e sí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó nǹkan mọ́ páìpù fírémù, pàápàá jù lọ ní ọrùn rẹ̀ níbi tí ọ̀pá ọwọ́ ti ń yí. Páìpù tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè ti dógùn-ún nínú láìhàn sóde, iná wẹ́dà yóò sì yí agbára irin padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó jó, ibẹ̀ náà ló sábà máa ń kán lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ irin pẹlẹbẹ mílímítà 3 yí páìpù ká bí ẹ̀gbà ọwọ́, mo máa ń gé rọ́bà láti ara tíúbù àlòkù sí àárín òun àti páìpù, bóòtù ni mo sì fi ń fún un. Ara ẹ̀gbà yìí ni ọwọ́ irin tó gbé fairing yóò ti yọ síwájú. Orí tábìlì ni kí wẹ́dà ti jó ọwọ́ irin náà. Bí ó bá di dandan pé kí ó fi iná kàn án díẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò ná, kí iná wẹ́dà má baà ba rẹ́kítífáyà (ohun tó ń yí iná padà fún bátìrì) jẹ́. Ojú ìdè mẹ́rin ló tó: méjì lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú, ọ̀kan nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí fairing bá ti kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, iná iwájú náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ó wá sórí irin tuntun yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbàkigbà tí ẹ bá yí ọwọ́, inú fairing ni iná yóò máa tàn sí.

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ fi okùn àti téèpù so fairing náà síbi tí ẹ rò pé yóò wà, kí ẹ sì jókòó sórí ọ̀kadà bí ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ẹ yí ọwọ́ dé òpin lọ́tùn-ún, kí ẹ yí i dé òpin lósì. Àlàfo ìka méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín ìka ọwọ́ yín àti etí fairing, torí ọwọ́ tó há síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà ní kọ́nà kì í rí àyè jáde. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìfi sí jíà, kí ẹ tún yí ọwọ́ bẹ́ẹ̀; bí ìró ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè fúnra rẹ̀, fairing ti fa wáyà kábúrétọ̀ le ni, ẹ sì ní láti tún ọ̀nà tí wáyà gbà ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì tó sanra dáadáa tẹ iwájú ọ̀kadà mọ́lẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kì kò fi lè wọlé mọ́, kí ẹ wò ó bóyá mọ́gáàdì kan ìsàlẹ̀ fairing. Nípa ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn nìkan ló ń tu CG125 lára, kò ní omi, kò ní fáànù. Bí fairing yín bá sọ̀ kalẹ̀ bo orí ẹ́ńjìnnì, ẹ gé e. Ó ń dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa fairing tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó jóná kò ní ẹwà kankan. Sàlẹ́ńsà náà gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí fáíbà.

Ihò ni gbogbo ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má kánjú níbẹ̀. Bóòtù mílímítà 6 kò gbọdọ̀ wọ ihò mílímítà 6. Ẹ lu ihò tó tó mílímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí rọ́bà olóruka wọ inú rẹ̀, kí bóòtù sì gba àárín rọ́bà náà kọjá. Ẹ fi páìpù kúkúrú kan sínú rọ́bà kí bóòtù lè fún mọ́ páìpù, kì í ṣe mọ́ fáíbà. Wáṣà tó fẹ̀ ni kí ẹ lò níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá di gbogbo rẹ̀ tán, tí ẹ fi ọwọ́ tì í, ó yẹ kí fairing náà mì díẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yóò sọ pé kí ó le gbagidi, ṣùgbọ́n ohun tó le gbagidi lórí ọ̀kadà ló máa ń là.

Ti àwọn ojú tó ti là, ẹ fi dírílì mílímítà 3 lu ihò kékeré sí òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣe àtúnṣe. Ẹ fi sáńpépà 80 ha ẹ̀yìn náà títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 yí ojú tó là ká, kí ẹ fi acetone (omi tó ń fọ ọ̀rá kúrò) nù ún, kí ẹ wá lẹ máàtì fáíbà ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kí èyí tó wà lókè máa fẹ̀ ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Hádínà (ohun tó ń mú résìn le) gráàmù 1 sí 2 ló tó fún résìn 100 gráàmù. Bí résìn tí wọ́n tà fún yín kò bá tíì ní cobalt (oògùn tó ń mú résìn tètè le) nínú, ẹ kọ́kọ́ po cobalt mọ́ résìn kí ó wọ̀ ọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi hádínà sí i. Cobalt àti hádínà kò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn láìsí résìn láàárín wọn, torí wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ẹ̀bútè ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fáíbà, ọ̀gá tó kọ́ mi kì í sì í wo aago. Ńṣe ló máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ike résìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ike bá ti ń gbóná, kò ní fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án mọ́, bó ti wù kí ó ṣẹ́ kù tó. Nínú oòrùn wa yìí, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì láìkùn ún. Kò ní wuni wò, àwọn èèyàn yóò sì bi yín bóyá owó ló tán. Ẹ fi bírò funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tù dé ara wáṣà ní ojú ìdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gba ọ̀nà Ìgbógbó lọ sí Bàyékù, kí ẹ sáré díẹ̀, kí ẹ wọ kòtò díẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá ìlà náà ṣì wà ní gígùn. Bí ó bá ti yẹ̀, nọ́ọ̀tù ti ń tú nìyẹn. Nọ́ọ̀tù tó ní rọ́bà nínú ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìlà tín-ín-rín tuntun kò bá yọ lára fáíbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti tó àkókò ọ̀dà.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀dà, torí oníṣẹ́ yín mọ ìyẹn. Kí pọ́tì má ju mílímítà 2 lọ níbikíbi. Kí ó fi sáńpépà 120 bẹ̀rẹ̀, kí ó fi 240 tẹ̀ lé e, kí ó fọ́n práímà alápòpọ̀, kí ó wá fi omi àti sáńpépà 400 títí dé 600 ha á kí ó tó fọ́n ọ̀dà pupa. Clear (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán) ìpele méjì tàbí mẹ́ta ló tó lórí rẹ̀, kí ó fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 sí àárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín ṣọ́ ni ojú ọjọ́. Èmi pẹ̀lú ti fọ́n ọ̀dà dúdú sára táǹkì oníbàárà kan rí lọ́jọ́ tí òjò oṣù keje ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nítorí pé ó ń kánjú. Kó tó di pé mo fọ gọ́ọ̀nù tán, táǹkì ti funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ògì sí i lára. Bí tínà bá ń gbẹ, ó máa ń mú ojú irin tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Owó ara mi ni mo fi tún un kùn. Nítorí náà, bí òjò bá ṣú, ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ mìíràn. Kí oníṣẹ́ náà sì lo ìbòmú tó ní asẹ́ tó ń dá kẹ́míkà dúró, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú, nítorí hádínà inú clear lè di ikọ́ fée síni lára títí ayé.

Ẹ jẹ́ kí fairing náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dè é padà, kí wáṣà má baà fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lára ọ̀dà tí kò tíì le. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dè é, ẹ dúró ní mítà márùn-ún sí ògiri kan, kí ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì rí i pé ojú iná kò ga ju bí iná fúnra rẹ̀ ṣe ga sílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn 100 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ tún wo ìlà bírò funfun yẹn lójú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.