Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Láti Pápá Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré Dé Ibi Tí A Ti Ń Fi Bọ́ọ̀lù Jẹun

Ìwé mẹ́ta tí ó wọlé sí wa ní oṣù yìí ni ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí òkìkí rẹ̀ kò kàn jìnnà, tí wọ́n sì fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà ṣe iṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kó wọn pọ̀ síbí.

Ìbéèrè Kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní gúúsù Kwárà, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa eré ìdárayá. Ẹ̀yìn lápá òsì ni mo máa ń gbá. Agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí a ní kò ju 18 lọ, bí a bá sì fi gbogbo ọdún wá a, ẹgbẹ́ tí a ń rí bá figagbága kì í ju mẹ́rin lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa gbà pé mo lè fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù kàn sí mi lórí Wásáàpù, ó ní òun ti bá mi rí ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù, pé kí n san ₦450,000 fún físà àti ìwé ìpè kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bàbá mi ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ wọn kan tí ó wà lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ pé bí mo bá dúró parí ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ orí mi yóò ti lọ, àti pé kò sí ẹni tí yóò wo ẹni tí ó ti irú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa jáde. Kí ni ṣíṣe, mà?
Ọmọ Ìgbómìnà

Èsì

Ọmọ Ìgbómìnà, kí o tó ka èsì yìí dé ìsàlẹ̀, lọ sọ fún bàbá rẹ pé kí wọ́n má ta ilẹ̀ náà. Láti ọdún 2023 ni FIFA ti fi lélẹ̀ pé ẹni tí yóò bá ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ìdánwò, kí ó yege, kí ó sì gba ìwé-àṣẹ. Orúkọ àwọn tí wọ́n ní ìwé-àṣẹ náà wà lórí ìkànnì FIFA, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Bèèrè orúkọ ọkùnrin náà bí ó ṣe wà nínú ìwé-àṣẹ rẹ̀, kí o sì wá a níbẹ̀. Bí o bá tilẹ̀ rí i, aṣojú tòótọ́ a máa rí owó tirẹ̀ lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù bá ti rí iṣẹ́, láti ara owó inú ìwé àdéhùn, kì í ṣe láti inú àpò bàbá agbábọ́ọ̀lù kí iṣẹ́ tó dé. Ní ti ìwé ìpè, ẹgbẹ́ òkèèrè náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, o sì lè fi ímeèlì tí ó wà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ gan-an bèèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìwé ìyọ̀ǹda tí a fi ń kúrò lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, láàárín NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, àti àjọ kejì ni ó ti ń lọ lórí ẹ̀rọ FIFA. Kò sí ẹni tí ó ń tà á lórí Wásáàpù. Ẹni tí ó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré mọ̀ pé bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá dé, o ó ti bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, èmi kò gbà pé kíkéré rẹ̀ ni ìdènà. Ohun tí ó ń dènà ni pé ẹni tí ń wá agbábọ́ọ̀lù kì í dé ibi tí ìwọ ti ń gbá. Ká ní yunifásítì ńlá kan ní Ìlọrin ni o wà, tí o sì gba wúrà ní NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ẹgbẹ́ kan ní Sweden kò ní torí ìyẹn pè ọ́, nítorí pé wọn kì í wo NUGA. Ohun tí wọ́n ń wò ní Nàìjíríà ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, láti orí àwọn ọ̀dọ́ títí dé Super Falcons, àti líìgì àwọn obìnrin tí a ń pè ní NWFL. Wo àwọn tí wọ́n ti lọ. Asisat Oshoala gbá fún FC Robo ní Èkó àti Rivers Angels ní Port Harcourt, ó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé 20 ọdún ní Kánádà ní 2014, kí Liverpool tó mú un ní 2015. Rasheedat Àjíbádé kúrò ní FC Robo lọ sí Avaldsnes ní Norway, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kí ó tó dé Atlético Madrid ní 2021. Rivers Angels ni Chiamaka Nnadozie ń ṣọ́ ilé fún kí Paris FC tó mú un ní 2020. Kò sí èyí tí ó ti pápá ilé-ẹ̀kọ́ fò bọ́ sí Yúróòpù nínú wọn.

Nítorí náà, kì í ṣe Yúróòpù ni ó kàn ọ́ báyìí, NWFL ni. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: Premiership wà lókè, Championship tẹ̀lé e, Nationwide sì wà nísàlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò jìnnà sí ọ pọ̀ ju bí o ti rò lọ: Confluence Queens wà ní Lọ́kọ́jà, Ekiti Queens ní Adó-Èkìtì, Osun Babes ní Òṣogbo, Sunshine Queens ní Àkúrẹ́. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dán àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun wò. Jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ pe akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kí o tó gbéra, nítorí pé ẹni tí a ti dárúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni a sábà máa ń fún ní àkókò tó tó lórí pápá, nígbà tí ẹni tí ó kàn fi bàtà kọ́ ọrùn dé lè má gbá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láàárín èrò. Bí ẹgbẹ́ méjì bá sì fẹ́ ọ, tí ọ̀kan wà ní Premiership ṣùgbọ́n tí yóò máa fi ọ́ jókòó, tí èkejì wà ní ìpele kejì tí ìwọ yóò ti máa gbá 90 ìṣẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èkejì ni èmi yóò mú. Kò sí ẹni tí ń ya fídíò ẹni tí ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ fídíò yìí ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti lè bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá dọ́gba. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú fídíò tí àwọn ọmọ wa ń fi hàn mí ni ó kún fún orin aláriwo àti bọ́ọ̀lù tí a gbá gba àárín ẹsẹ̀ ẹnìkan, tí a wá tún un fi hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń wá ẹ̀yìn òsì kò wá ìyẹn. Ó fẹ́ mọ ibi tí o dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lápá ọ̀tún, bí o ṣe ń sáré padà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, bóyá o lè dá kojú ẹni tí ó yára jù ọ́ lọ, àti ibi tí bọ́ọ̀lù tí o gbé wọ iwájú ilé máa ń bọ́ sí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ya á láti ibi gíga, lórí ilé alájà tàbí lórí ọkọ̀ akẹ́rù tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ àárín pápá, kí agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Gé ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde, kí èyí tí ó dára jù lọ ṣáájú, kí o sì kọ nọ́ńbà aṣọ rẹ, orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì àti ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, fi odindi ìdíje méjì tí a kò gé mọ́ ọn, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ti nà yín, torí pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń na ẹgbẹ́ ni a ń mọ ẹni tí kì í dẹwọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, nítorí pé irú wọn kò pọ̀, àwọn tí ń wá wọn sì pọ̀.

Parí NCE rẹ. Oṣù díẹ̀ ni ó kù, ọmọ ọdún 21 kò sì tíì darúgbó fún ẹ̀yìn òsì. Michelle Alozie tí ó ń gbá ẹ̀yìn fún Super Falcons jáde ní Yunifásítì Yale, ó sì ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ní ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Houston ní àkókò kan náà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Houston Dash. Orúnkún tí ó já kì í ránṣẹ́ kí ó tó já, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ. Kí orúkọ rẹ àti ọjọ́ ìbí rẹ bára mu nínú ìwé ìrìnnà, NIN àti èsì WAEC. Bí ìwé àdéhùn bá sì dé lọ́jọ́ kan, ka iye owó oṣù, ọjọ́ tí yóò parí, ẹni tí yóò san owó ìwòsàn, àti ohun tí ó sọ nípa oyún: láti Oṣù Kìíní 2021 ni FIFA ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin láti gba ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 14, ó kéré tán, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀.

Ìbéèrè Kejì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 18, atamátàsé ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé pé àwọn yóò gbé apá kan lára owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àbúrò mi sọ pé Division III ni wọ́n, pé ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ ti pa bọ́ọ̀lù tì. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá kan ní Tánkẹ̀, Ìlọrin

Èsì

Bàbá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Àjọ NCAA ni ó pín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sí ìpele mẹ́ta, òfin ìpele kẹta sì ni pé wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní owó nítorí eré ìdárayá. Owó nítorí ìwé tàbí nítorí àìní ni wọ́n lè fún un. Nítorí náà, bí ìwé tí wọ́n kọ bá pe owó náà ní ẹ̀bùn bọ́ọ̀lù, ẹ bi wọ́n dáadáa. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké mìíràn wà lábẹ́ NAIA, àwọn ọlọ́dún méjì sì wà lábẹ́ NJCAA, tí wọ́n lè fún un ní owó bọ́ọ̀lù.

Pé ó ti pa bọ́ọ̀lù tì kì í ṣe òótọ́. Esther Okoronkwo bẹ̀rẹ̀ ní Northeast Texas Community College, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, kí ó tó lọ sí Lamar University. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbá dé Saint-Étienne ní Faransé, Tenerife ní Spéènì àti AFC Toronto ní Kánádà. Òun náà ni ó gbá pẹnárítì wọlé, tí ó sì ta bọ́ọ̀lù tí Fọláṣadé Ijamilusi àti Jennifer Echegini fi gbá góòlù, nígbà tí Super Falcons fi 3-2 na Mòrókò nínú àṣekágbá Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà àwọn obìnrin ní Rabat ní 26 Oṣù Keje 2025, lẹ́yìn tí Mòrókò ti fi 2-0 ṣíwájú. Kò sí ẹni tí ó bi í ní ọjọ́ náà pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó jáde.

Ó tún ṣẹlẹ̀ pé ní 2024, líìgì NWSL ti Amẹ́ríkà fòpin sí ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń tò lẹ́sẹẹsẹ yan àwọn tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fúnra wọn báyìí. Líìgì tuntun, USL Super League, bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, iṣẹ́ sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ibẹ̀ ń kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ní Iceland, Sweden tàbí Finland, wọ́n sì ń fi odindi sáà kan níbẹ̀ wá fídíò tí wọn yóò fi lọ síwájú. Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kọkànlá ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń gbá, àkókò náà kò sì gùn. Ẹ bi akọ́nimọ̀ọ́gbá náà bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbá ní líìgì WPSL tàbí USL W League nígbà ìsinmi. Ẹ tún bi í pé mélòó nínú àwọn tí ó ti kọ́ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun lónìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dárúkọ wọn fún yín.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ fún Ọmọ Ìgbómìnà. Ọmọ yín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn owó oṣù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kankan kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé ó lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti gbá fún wọn. Kì í ṣe pé ọ̀nà méjèèjì kò lè pàdé: Deborah Abíọ́dún gbá fún Rivers Angels, ó lọ sí Yunifásítì Pittsburgh, ó sì bọ́ sí Washington Spirit ní 2025. Ẹ kọ iye dọ́là tí ó kù fún yín láti san fún ọdún mẹ́rin sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di náírà, kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi físà F-1 wọlé kò lè ṣiṣẹ́ níta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má ṣe ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ owó náà.

Ìbéèrè Kẹta

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi kì í bọ́ híjáàbù. Ṣé ìyẹn kò ní dí i lọ́wọ́ bí ó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jẹun?
Ìyá Àdìjá, Ìlọrin

Èsì

Ìyá Àdìjá, òfin bọ́ọ̀lù ti fàyè gbà á láti 2014, Nouhaila Benzina ti Mòrókò sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó lo híjáàbù ní Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin, ní Australia ní 2023. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni Faransé: àjọ bọ́ọ̀lù wọn kò gbà á nínú ìdíje tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga wọn sì fi òǹtẹ̀ lu òfin náà ní Oṣù Kẹfà 2023. Bí ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ bá pè é, kí ẹ bèèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ní ibòmíràn, ẹ ra èyí tí ó mọ́ orí pẹ́kípẹ́kí, tí a kò rán mọ́ aṣọ, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá ń lò ó sì lo àwọ̀ kan náà.