Ọkọ mi ò jẹ́ kí n sinmi láti Róòmù dé Malta

Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé sí mi láti Leeds. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe jù. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni ọkọ òun ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù olówó pọ́ọ́kú lọ sí àwọn ìlú etí òkun Mẹditaréníà: wọ́n á gbéra lálẹ́ Fúráìdé, wọ́n á padà lálẹ́ Sọ́ńdè, òun á sì gba ibẹ̀ wọ iṣẹ́. Wọ́n ti lọ Róòmù, Áténì àti Malta. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọkọ ń jí i pé kí wọ́n lọ wo àwókù ilé àtijọ́. Ní Valletta, olú-ìlú Malta, ìyàwó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní òun ò rìn mọ́, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ní báyìí, Sicily, erékùṣù kan ní Ítálì, ló kàn: Palermo, Agrigento àti Siracusa, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Ọkọ ń pè é ní aláìmoore. Ó wá béèrè pé: “Màmá, ṣé kí n kọ̀ ni, àbí kí n máa tẹ̀lé wọn kí àlàáfíà lè wà?”

Ọmọ mi, má kọ̀. Má sì tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ètò Sicily yẹn ò ṣeé rìn. Láti Palermo dé Agrigento, bíi wákàtí méjì ni rélùwéè ń gbà. Kẹ́ ẹ tó padà, ó di mẹ́rin. Siracusa wà ní etí òkun ìlà-oòrùn, lódìkejì erékùṣù náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ méjì, fèrèsé ọkọ̀ ló máa rí. Ṣí máàpù síwájú rẹ̀, kí ẹ jọ ṣírò ọ̀nà. Má sunkún, má bú u. Ìṣirò kì í bínú.

Èyí tó ṣòro wà nínú ìlà kan tó o kọ, tó o sì yára fò kọjá. O ní ọdún mọ́kànlá ni ọkọ rẹ fi wà ní Ìlú Ọba láìlè jáde nítorí ìwé. O ní baba rẹ̀ kú ní Ìbàdàn láàárín ìgbà náà, orí fóònù ló ti wo ìsìnkú. O ní ọdún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà lo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bàtà tó ń ge ọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìlà yẹn. Ọkùnrin tó ń jí ọ láago mẹ́fà yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á pé wọ́n lè tún ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Mi ò ní kó o torí ìyẹn kú sórí àtẹ̀gùn Valletta o.

Torí òun náà ní ohun tí kò rí. Páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ rẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìka kan rà lórí fóònù, ìwọ lò ń wá ìwé báńkì àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ sí i, tó ò ń lọ tẹ̀ka, tó ò ń san 90 euro owó físà. Ní pápá bàálù, òun ti kọjá, ó ń wo aago, wọ́n ṣì ń bi ọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì wo lẹ fẹ́ dé sí. Ẹni tó jìyà ìwé fún ọdún mọ́kànlá ti gbàgbé pé ìyàwó òun ṣì wà lórí ìlà! Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ní ó rẹ̀ ọ́, á ní ọ̀lẹ ni ọ́. Bó o bá sọ̀rọ̀ ìlà, á dákẹ́, torí ó mọ̀ ọ́n.

Físà Schengen, ìyẹn físà kan tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò ni kí ìwé ti wọlé, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì òjijì mọ́. Òfin wọn sì fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti gba físà mẹ́ta láàárín ọdún méjì, tó lò wọ́n bó ṣe yẹ, láti gba ọlọ́dún kan tó lè máa fi wọlé jáde. Ìwọ nìyẹn. Béèrè fún un.

Ó ku Sicily. Palermo ni kẹ́ ẹ sùn sí lálẹ́ méjèèjì. Ní Sátidé, ẹ wọ rélùwéè lọ Cefalù, bíi wákàtí kan. Kàtídírà tí Ọba Roger Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1131 wà níbẹ̀ fún ọkọ rẹ, àpáta ràgàjì kan sì wà lókè ìlú tó lè gùn títí orúnkún rẹ̀ á fi gbọ̀n. Iyanrìn etí òkun ni tìrẹ. Tẹ́ aṣọ sílẹ̀, sùn. Bó o bá jí, lọ wo ibi tí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ti ń fọṣọ: òkúta ni wọ́n gbẹ́, omi ń gba inú rẹ̀ lọ sókun. Èmi fẹ́ràn irú ibẹ̀ ju ààfin lọ, torí ó dá mi lójú pé òfófó tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò kéré.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, sọ ìtàn Benedetto fún un. Ọmọ ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ni, kò mọ̀wé kà, alásè ni nílé àwọn Franciscan, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, ní Santa Maria di Gesù lẹ́bàá Palermo, wọ́n sì wá fi jẹ olórí ibẹ̀. Ó kú ní 1589. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1807. Àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil ń ṣọdún rẹ̀ títí dòní, São Benedito ni wọ́n ń pè é. Kẹ́ ẹ wá jẹ panelle lọ́jà Ballarò, ìyẹ̀fun ẹ̀wà kan tí wọ́n dín, tí wọ́n ki sínú búrẹ́dì. Ẹni tó bá ti jẹ àkàrà òun búrẹ́dì rí kò ní béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Oṣù tẹ́ ẹ ò bá fò, ẹ lọ York, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni láti Leeds. Septimius Severus, ọba Róòmù àtijọ́ tó ni ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun tí wọ́n kọ́ sí Róòmù ní 203, Leptis Magna ní Líbíà ni wọ́n bí i sí, York ló kú sí ní 211. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ ní físà.

O tún dárúkọ ìyá ọkọ rẹ tó ń rí fọ́tò yín lórí WhatsApp, tó wá ń béèrè owó òrùlé: ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú owó òrùlé náà, kẹ́ ẹ tó tún gbé òkun sórí status.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kó o bi ọkọ rẹ. Mo wá Ìbàdàn láàárín àwọn ìlú tó o kà sílẹ̀, mi ò rí i. Láti ìgbà tó ti gba ìwé, ṣé ó ti dé ojú oórì baba rẹ̀? Má fi bá a jà. Bi í lálẹ́ Sátidé, nínú rélùwéè tó ń bọ̀ láti Cefalù, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń dun òun náà.