Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀

Ọmọ mi,

O ní o wo Umberto D., fíìmù Ítálì tó jáde lọ́dún 1952, bàbá rẹ lo sì ń rí nínú rẹ̀ títí tó fi parí. Ìyá ti kú, bàbá ń dá gbé. Ò ń fowó ránṣẹ́, ò ń pè wọ́n lórí fóònù, “kò sí nǹkan kan” ni wọ́n máa ń dáhùn. O wá ń béèrè bóyá kí o kúkú lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ rẹ.

Ṣé o rántí ibi tí Umberto ti fẹ́ ṣagbe? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò ká owó ilé, ó ti ta aago, ó ti ta ìwé. Ó na ọwọ́. Bí ọkùnrin kan ṣe fẹ́ fi owó sí i báyìí, kíá ló dojú àtẹ́lẹwọ́ dé, bí ẹni tó kàn ń wò ó bóyá òjò ń kán. “Kò sí nǹkan kan” tí bàbá rẹ ń wí, ọwọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni.

Nítorí náà, yéé bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Lọ jókòó tì wọ́n, kí o má sì máa wo aago. Ojúlùmọ̀ àtijọ́ tí Umberto pàdé lójú pópó, bọ́ọ̀sì ló sáré wọ̀. Maria, ọmọ ọ̀dọ̀ tó lóyún tí wàhálà tirẹ̀ náà pọ̀, ló ráyè gbọ́ tirẹ̀. Bi bàbá pé ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ lánàá. Ìdáhùn yẹn á sọ púpọ̀ fún ọ.

Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ dára, má dá a dúró. Ṣùgbọ́n Flike, ajá kékeré yẹn, ló so Umberto mọ́ ayé, torí pé kò sí ẹlòmíì tí yóò tọ́jú ajá náà. Wá ohun kan tí o nílò lọ́wọ́ bàbá ní tòótọ́, kí o bẹ̀ wọ́n fún un. Má dá iṣẹ́ ẹ̀tàn sílẹ̀ o, àgbà á mọ̀.

Ní ti kíkó wọn wá, bi wọ́n léèrè, má pàṣẹ. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti bá ìyá rẹ gbé. Ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá lo ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, gbà fún wọn, kí ìwọ máa lọ lemọ́lemọ́.

Àmọ́ bí o bá gbọ́ “ayé ti sú mi” lẹ́nu wọn, tàbí tí wọn ò jẹun mọ́, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n fẹ́ràn tọrẹ, má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o mú wọn lọ rí dókítà.