Ibi tí ó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì Ford Model A
Ẹ béèrè bóyá orí sílíńdà tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ rà fún ẹ́ńjìnnì Model A tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ọkọ̀ eré ìje. Èrò tèmi ni pé kí ìyẹn dúró ná. Ibi mẹ́ta péré ni kíráńkì (ọ̀pá tí àwọn pístọ̀nù ń yí) ẹ́ńjìnnì yìí, tí wọ́n ṣe láàárín 1928 sí 1931, ti jókòó, orí irin rírọ̀ tí wọ́n yọ́ dà síbẹ̀ sì ni. Irin rírọ̀ náà ló wà níbi tí apá pístọ̀nù kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ kíráńkì, ọ́ílì tí apá náà bá sì fúnra rẹ̀ bù nísàlẹ̀ ni ibẹ̀ ń mu. Bí ẹ bá fi agbára kún un láìjẹ́ pé ẹ lu ọ̀nà tí pọ́ǹpù yóò fi ti ọ́ílì débẹ̀, irin rírọ̀ yẹn yóò yọ́ ni.

Ẹ gbé kíráńkì àti fùláwílì (àgbá irin wúwo tó wà ní ìdí kíráńkì) lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè mú ìwúwo wọn dọ́gba, kí ó sì gé fùláwílì náà fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi orí sílíńdà tuntun gbé ìfúnpọ̀ (iye ìlọ́po tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀) kúrò ní 4.22 sí 5.5 tàbí 6. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún kó-kó-kó nígbà tí ẹ tẹ iná, ẹ tètè fi ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ ìtọ́kọ̀ dá iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn, kí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn.