Ìtàn tó di bàtà, orin tó di kóòtù

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ ìtàn àwọn tó ń sọ èdè Kannada yẹn (Karnataka ni wọ́n wà, gúúsù Íńdíà), ìtàn obìnrin tó pa ìtàn àti orin mọ́ra, tó ní ṣé àwọn ahun, àwọn tó háwọ́, ni wọ́n ń bá wí, ó kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pa á fẹ́ni tí ò gbọ́ ọ rí.

Ìyàwó ilé kan mọ ìtàn kan, ó tún mọ orin kan, kò pa ìtàn yẹn fẹ́nì kankan rí, kò sì kọ orin yẹn rí. Ó sú àwọn méjèèjì nínú ẹ̀. Ọjọ́ tó sùn tó lanu sílẹ̀ ni wọ́n já jáde, ìtàn di bàtà lẹ́nu ọ̀nà, orin di kóòtù ọkùnrin, ó fi ara ẹ̀ kọ́. Ọkọ dé, ó ní ta ló ni kóòtù, ìyàwó ní òun ò mọ̀, ìjà dé o, ọkọ bá gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ó lọ sùn sí tẹ́ńpìlì Hanuman, òrìṣà ọ̀bọ wọn. Ibẹ̀ sì ni iná gbogbo fìtílà ìlú ti ń pàdé ṣòfófó tí wọ́n bá ti pa wọ́n lálẹ́, ti ilé tiẹ̀ ló pẹ́ dé jù, ìyẹn wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọkọ ń gbọ́ lábẹ́ aṣọ. Ilẹ̀ mọ́, ó sáré lọ bi ìyàwó léèrè ìtàn àti orin yẹn, obìnrin ní "ìtàn wo? orin wo?"

Ó ti gbàgbé. Ojú tèmi, ibẹ̀ ni ìyà ọ̀hún wà, kì í ṣe nínú ìjà.

Ìdí ni pé irú ìtàn báyìí, ìyá àgbà ló ń pa á fọ́mọ nílé ìdáná. A.K. Ramanujan, ọmọ Mysore, ìlú kan ní Karnataka, tí wọ́n bí ní 1929 tó kó ọ̀pọ̀ ìtàn Kannada jọ, sọ pé ìdí oúnjẹ alẹ́ lòun ti gbọ́ wọn ní kékeré, kí ọmọ má bàa sùn láìjẹun ni wọ́n ṣe ń pa á, ìrẹsì ń lọ, ìtàn ń lọ. Ẹ wá wo ìtàn yẹn dáadáa, kò sọ́mọ kankan ńbẹ̀, ọkọ tó sì wá béèrè, ó ti pẹ́ jù. Àti pé obìnrin ló ń pa ìtàn obìnrin tó panu mọ́, èyí dùn mọ́ mi gan-an.

Ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó lórúkọ nínú ẹ̀, ìyàwó ṣáà, ọkọ ṣáà. Ìtàn tí wọ́n ń pa nínú ilé máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tìta gbangba ló ń dárúkọ èèyàn àti ìlú, bíi tàwọn tó ń lu kamsale, aro idẹ kékeré, tí wọ́n fi ń kọrin Mahadeshwara, òrìṣà wọn kan, lápá Mysore.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òmíràn, ẹ wá Punyakoti, màlúù tó bẹ ẹkùn pé kó jẹ́ kóun lọ fọ́mọ òun lọ́mú kóun tó padà wá kú, tó sì padà lóòótọ́. Orin nìyẹn, ọmọdé Karnataka tí ò mọ̀ ọ́n ò wọ́pọ̀.